Ìgbà Tí Omi Bá Fà Ni Bèbè Odò Ń Wó

Nígbàkúùgbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi àwa tí a ń ṣe ìwádìí lórí odò: báwo ni omi náà ṣe ga tó? Ìbéèrè tó dára ni, nítorí gíga omi ló ń sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ sá àti ẹni tó lè dúró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni ohun tí odò ń ṣe lẹ́yìn tí omi bá ti fà, tí àwọn oníròyìn ti lọ, tí oòrùn ti ń ràn, tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń sá mátírẹ́ẹ̀sì wọn sóòrùn. Àkókò yẹn gan-an ni bèbè odò máa ń wó jù. Ilé tí omi kò gbé lọ lọ́jọ́ òjò lè wó lọ́jọ́ kẹta, kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì máa rò pé ìpìlẹ̀ ilé ni kò dára. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fetí sí mi pé ọ̀rọ̀ omíyalé àti ọ̀rọ̀ bèbè tó ń wó so kọ́ra, àti pé ẹni tó bá ń ka ọ̀kan láì ka èkejì, ìdajì ìṣirò ló ń ṣe.

Àwọn ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé omíyalé fún wọn. Tí a bá ní “omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù”, ọdún 1980 ni ọkàn àwọn àgbà máa ń sáré lọ: ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ, nígbà tí odò Ògùnpa kún kọjá ààyè rẹ̀, tí ó wọ àárín ìlú, tí ó sì gba ẹ̀mí tó ju 200 lọ. Odò kan náà ti kún ní 1978, nítorí náà a kò lè sọ pé kò ṣe ìkìlọ̀ fún wa. Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó tó nǹkan bí 187 mìlímítà rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Ènìyàn tó ju 100 lọ ló bá a lọ. Omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, ó sì ya wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tó ti ba ọgbà ẹranko àti ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja jẹ́. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kojú ọ̀rọ̀ omi Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú ọjọ́ méjèèjì ni pé ìparí Oṣù Kẹjọ ni wọ́n bọ́ sí. Láti Oṣù Kẹrin ni ilẹ̀ ti ń mu omi, ó ti yó. Bèbè odò pẹ̀lú ti yó. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti yó kò ní ibi tí yóò wọ̀ sí, àfi kí ó ṣàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo bí 187 mìlímítà ṣe tó. Tí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni ó rọ̀ síbẹ̀. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tó nǹkan bí mítà onígun 465. Tí a bá fi 187 sọ ọ́ di púpọ̀, omi tó rọ̀ sórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sún mọ́ 87,000 lítà, èyí tó ju ohun tí tánkà omi mẹ́jọ tó ń gba 10,000 lítà lè gbé lọ. Ní kìlómítà onígun kan, ó di 187,000 tọ́ọ̀nù omi. Nígbà tí ilẹ̀ yẹn jẹ́ igbó tàbí oko, ewé gba lára òjò náà, ihò kòkòrò àti ojú gbòǹgbò mu nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù sì ń tú wọ odò díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó di òrùlé páànù, àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì sán, ojú ọ̀nà ọlọ́dà àti íńtálọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ dé odò láàárín wákàtí. Òjò lè má yí padà rárá, kí odò tó ń gbà á sì yí padà pátápátá. Ìbàdàn tilẹ̀ tún ní èyí tó burú sí i: ìlú olókè ni, àwọn àfonífojì rẹ̀ sì há, nítorí náà kíá ni omi ń dé ìsàlẹ̀, kò sì rí ibi tẹ́jú tí yóò ti tàn káàkiri kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn.

Bí omi ṣe ń sáré nínú odò ní òfin tirẹ̀. Ní 1889, Robert Manning, ẹnjiníà ará Áyálándì, gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀ tí a ṣì ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ohun mẹ́ta ni ó ní ká wọ̀n: bí ojú odò ṣe dà gẹ́rẹ́ tó, bí ààyè tí omi gbà nínú odò ṣe tóbi tó sí gbogbo ibi tí ó ti ń fara kan ilẹ̀, àti bí ìsàlẹ̀ odò àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe rí gágungàgun tó. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ bí omi ṣe ń yára tó láì ju ohunkóhun sínú odò láti fi wọ̀n ọ́n. Ìlànà yìí náà ni a fi ń ka ẹ̀kún omi tó ti kọjá: a ó wá ilà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri, a ó wọn gíga rẹ̀ ní òkè odò àti ní ìsàlẹ̀ odò, a ó wọn bí odò ṣe fẹ̀ tó, ìṣirò yóò sì sọ iye omi tó kọjá fún wa. Mo ti bá àwọn ìyá pàdé tó mọ ilà ẹrẹ̀ ara ògiri wọn ju bí mo ṣe mọ ìwé mi lọ. Wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ti ọdún wo àti èyí tí ọmọ fi bọ́ọ̀lù gbá. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá padà lọ tí wọ́n ti fi ọ̀dà kun ògiri náà.

Nínú ìlànà Manning ni a ti lè rí ìdí tí ìdọ̀tí fi ń pa ìlú. Táyà, àpò ọ̀rá, páànù tó ti jẹrà àti koríko tó hù sáàárín odò ń sọ ojú odò di gágungàgun; eré omi yóò dín kù, tí eré rẹ̀ bá sì dín kù, yóò ga sókè, nítorí iye tó ń bọ̀ láti òkè kò dín kù. Èyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni òdìkejì rẹ̀: tí a bá fi kọnkéré tẹ́ ojú odò kí ó lè máa dán, omi yóò sáré, agbára tí ó fi ń ti ilẹ̀ yóò sì pọ̀ ju bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀ sí i lọ. Tí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn jàǹbá 1980, wọ́n mú odò Ògùnpa fẹ̀ sí i, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. N kò lòdì sí i. Odò tó ń gba àárín ọjà kọjá kò lè ṣe bí odò inú igbó mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí kọnkéré bá ti parí, tí omi tó ti kó eré jọ bá ti bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, níbẹ̀ ni kí ẹ lọ wo bí bèbè ṣe ń wó. Iṣẹ́ gọ́tà àdúgbò máa ń rí báyìí náà, ní kékeré: ìjọba ìbílẹ̀ á ṣe gọ́tà tó dára dé ibi tí owó ti tán, ihò á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó ti tán.

Ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ó ti ń jẹ ilẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì dùn láti mọ̀. Albert Einstein kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú lórí èyí ní 1926, nínú èyí tí ó fi tíì ṣe àpẹẹrẹ. Tí a bá fi ṣíbí ro tíì nínú ife, a ó rò pé ewé inú rẹ̀ yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ife, ṣùgbọ́n àárín ìsàlẹ̀ ni ó máa ń kó jọ sí. Ohun tó fà á ni pé omi tó wà nísàlẹ̀ ń fara gbo ife, kò lè sáré bí ti òkè. Omi òkè á máa tì lọ sí ẹ̀gbẹ́, á rì sísàlẹ̀ lára ife, á sì gba ìsàlẹ̀ padà wá sí àárín, pẹ̀lú ewé tó gbá bọ̀. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí odò bá ti yà. Omi òkè tó ní eré á lọ kọ lu bèbè tó wà ní ìta kọ́rọ́ náà, á rì, á gbẹ́ ìdí bèbè, á sì kó yanrìn tó gbẹ́ lọ sí apá inú, níbi tí ọmọdé ti máa ń rí etí odò tó tẹ́jú láti fi ṣeré. Nítorí náà, bí odò bá ń sún mọ́ ilé ẹnì kan ní apá kan, ó ń fi ilẹ̀ tuntun fún ẹlòmíràn ní apá kejì, èyí sì ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀.

Irú ilẹ̀ tó wà ní bèbè náà ní ohun tí ó ń sọ. Filip Hjulström, ará Sweden tó ṣe ìwádìí lórí odò Fyris ní Uppsala, fi hàn ní 1935 pé yanrìn tí kò kúnná jù, tí kò sì tóbi, ni omi máa ń rọrùn fún jù láti gbé. Òkúta wẹ́wẹ́ wúwo, ó nílò eré púpọ̀. Amọ̀ kúnná, ènìyàn ìbá sì rò pé yóò tètè lọ, ṣùgbọ́n ó di ara rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi gbọ́dọ̀ sáré gan-an kí ó tó lè ká a kúrò. Tí ó bá wá ká a tán, amọ̀ kì í fẹ́ rì mọ́. Odò pupa tí a ń rí lẹ́yìn òjò, amọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tó ń lọ síbi jíjìn.

Ẹ bá mi wo bèbè kan ní ẹ̀bá odò kékeré tó ń ṣàn wọ Odò Ọnà, níbi tí mo ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ mi. Ẹni kan gbin ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀ títí dé etí. Lókè ni ilẹ̀ dúdú wà, pẹ̀lú gbòǹgbò koríko tó so ó pọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ pupa, tó le débi pé àdá kì í tètè wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lábẹ́ amọ̀ náà, ní ìdí pátápátá, ni yanrìn eléérú kan wà tí odò fúnra rẹ̀ kó síbẹ̀ láyé àtijọ́. Tí mo bá ti ìka mi bọ̀ ọ́, ìka náà á wọlé tán láìsí wàhálà. Nígbà tí omi kún, ó kàn ń wọ́ yanrìn náà jáde, amọ̀ òkè kò sì mira. Lójú ẹni tó bá dúró lókè, bèbè náà dúró ṣinṣin, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà, ó hàn pé ìdí rẹ̀ ti ṣófo, amọ̀ náà sì yọ síta lórí òfìfo láìsí ohun tó gbé e dúró. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú sísán kan láàárín ebè ẹ̀gẹ́, tó gùn lọ ní ìbámu pẹ̀lú odò, tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Ìgbà tí mo tún padà wá, odidi ègé ilẹ̀ náà ti wà nínú odò, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì ṣì dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù.

Kí ló dé tí kò wó nígbà tí omi wà lókè, tó jẹ́ pé ìgbà tí omi lọ ló wó? Ohun mẹ́ta ló pàdé. Àkọ́kọ́, nígbà tí odò kún, omi wọ inú bèbè, ó sì mú un wúwo. Èkejì, omi tó wọ inú ilẹ̀ ń ti erùpẹ̀ kúrò lára ara wọn, wọn kò sì lè di ara wọn mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù: omi odò fúnra rẹ̀, nígbà tó ga, ń ti bèbè láti ìta, ó ń gbé e ró. Odò kékeré ìlú sì máa ń fà kíákíá bí ó ṣe kún kíákíá. Tí ohun tó ń gbé bèbè ró bá lọ lójijì, tí omi inú rẹ̀ kò sì tíì rí àyè jáde, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan á borí rẹ̀. Massimo Rinaldi àti Nicola Casagli ṣe ìwádìí lórí èyí ní bèbè odò Sieve ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1999. Wọ́n wo ipa omi tó wà láàárín erùpẹ̀: ilẹ̀ tó rin díẹ̀ máa ń lágbára ju èyí tó rẹ gbindin lọ, nítorí omi díẹ̀ tó wà láàárín erùpẹ̀ ń fà wọ́n mọ́ra. Tí òjò àti odò bá pa pọ̀ mú kí ilẹ̀ rẹ, agbára tí bèbè yá lọ́wọ́ ìrinlẹ̀ yẹn á pòórá.

Ìwádìí kan tó pẹ́ ju ìyẹn lọ, tí mo fẹ́ràn nítorí pé irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n, ni ti M. Gordon Wolman, ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1959. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Watts Branch, ní Maryland, ni ó wò. Ó kan ọ̀pá irin sínú bèbè, ó sì ń padà lọ wo bí irin náà ṣe yọ síta tó. Ohun tó rí ni pé ìgbà òtútù ni odò náà jẹ bèbè jù, nígbà tí ilẹ̀ rẹ tí yìnyín sì ń tú u, àti pé omi ńlá ìgbà ooru tó bá bèbè gbígbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan. A kò ní yìnyín ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: gíga omi nìkan kò tó láti fi sọ bí bèbè yóò ṣe wó tó; ipò tí omi bá bèbè ló ń pinnu. Omi kan náà tó kọjá jẹ́jẹ́ ní Oṣù Kẹrin lè gbé ilẹ̀ lọ ní Oṣù Kẹsàn-án. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń lò. Ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń kó sínú òpó kọnkéré ni, tí wélídà gé sí gígùn kan náà. A kàn án wọlé títí ó fi ku díẹ̀ lóde, a sì ń fi rúlà wọn èyí tó kù lóde. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ń ra irin àlòkù náà mọ iye rẹ̀, nítorí náà a kọ́ láti máa fi ẹrẹ̀ kun orí rẹ̀ kí ó má bàa máa dán.

Ibo wá ni ilẹ̀ tó wó ń lọ? Níbí ni ọ̀rọ̀ bèbè ti padà di ọ̀rọ̀ omíyalé. Yanrìn tí odò gbé kúrò ní ìdí bèbè kì í lọ jìnnà. Yóò rì síbi tí omi ti rọra, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ abẹ́ afárá, ẹnu kọ́fátì, tàbí ibi tí odò ti fẹ̀ lójijì. Afárá tí ẹnjiníà ṣe kí omi tó ga ní mítà mẹ́ta lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ kò ní gba iye yẹn mọ́ tí mítà kan bá ti kún fún yanrìn. Àwọn tó ń gbé lókè afárá yóò rí omi nínú pálọ̀ wọn, wọn yóò sì sọ pé òjò ọdún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ, nígbà tó lè jẹ́ pé òjò kò pọ̀ jù. Oko ẹ̀gẹ́ ẹnì kan ni ó wà lábẹ́ afárá. Igi tó bá bèbè wó a tún lọ dábùú ẹnu afárá, ìdọ̀tí á sì kó jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjọba máa ń gbé katapílà wá kó yanrìn náà jáde, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń kó o jọ sórí bèbè, níbi tí ìwúwo rẹ̀ ti ń ti bèbè náà padà sínú odò, òjò àkọ́kọ́ a sì tún gbá ìyókù wọlé.

Ìdídò, ìyẹn dáàmù, tún mú ìṣòro mìíràn wá. Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ṣe ní 1942 láti fún Ìbàdàn lómi, ń dá yanrìn tí Odò Ọnà ń gbé bọ̀ dúró, bí gbogbo ìdídò ṣe ń ṣe. Ibi tí omi ti jókòó á máa kún fún ẹrẹ̀ lọ́dọọdún, ààyè tí ó ní láti gba ẹ̀kún omi á sì máa kéré sí i. Omi tó sì jáde kúrò ní irú ìdídò bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ru yanrìn mọ́, agbára tí ìbá fi gbé yanrìn á wá di èyí tí yóò fi gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò àti bèbè. Mathias Kondolf kọ̀wé lórí èyí ní 1997, ó sì so ó pọ̀ mọ́ yanrìn wíwa, nítorí ìyà kan náà ni méjèèjì fi ń jẹ odò. Àwọn tó ń wa yanrìn nínú odò wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá, ilé tí gbogbo wa ń kọ́ ló sì ń ra yanrìn náà. Síbẹ̀, ihò tí a gbẹ́ sínú odò kì í dúró síbi kan. Ó máa ń rìn lọ sí òkè odò, bí omi ṣe ń já bọ́ sínú rẹ̀ tó ń jẹ etí rẹ̀, títí yóò fi dé ìdí òpó afárá tàbí ìdí bèbè tí ilé wà lórí rẹ̀.

Ní ti igi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nílò ariwo púpọ̀, nítorí a ní ẹ̀rí rẹ̀ nítòsí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, gbà tó hẹ́kítà 75 lẹ́bàá odò, àwọn baba wa sì ti kà á léèwọ̀ kí ènìyàn gé igi tàbí pa ẹja níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn níbẹ̀ ti rí bí gbòǹgbò ṣe bo bèbè. Gbòǹgbò ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń di ilẹ̀ mú, igi sì ń fà nínú omi ilẹ̀ jáde, tí bèbè kò fi ní yó tó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé gbòǹgbò kò lè gba bèbè tó ga ju ibi tí ó dé lọ là. Tí odò bá ń gbẹ́ ìdí yanrìn tó jìn sí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, igi náà yóò bá ilẹ̀ lọ, ìwúwo rẹ̀ yóò sì tún kún ti ilẹ̀. Nítorí náà ni n kì í fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a kàn gbin igi, ó tán. Òkúta tí a kó sínú àpò wáyà ní ìdí bèbè, koríko vetiver ní àárín rẹ̀, igi ní òkè, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí: bí bèbè ṣe rí ni yóò sọ èyí tí a ó lò.

Ohun tó ń dun mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé a kì í wọn odò wa. Ní Íjíbítì, láti ọ̀rúndún keje ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gíga odò Náílì sílẹ̀ ní erékùṣù Roda, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àkọsílẹ̀ yẹn sì ni àwọn onímọ̀ fi kọ́ bí ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọdún ẹ̀kún omi ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí omi odò, NIHSA, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀kún omi jáde lọ́dọọdún, ó sì wúlò fún odò ńlá bí Ọya àti Bẹ́núè. Ṣùgbọ́n odò tó ń pa ènìyàn ní Ìbàdàn kéré, ó ń kún láàárín wákàtí, àsọtẹ́lẹ̀ ọdún kò sì lè bá a. Sátẹ́láìtì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní Bangladesh, wọ́n ń fi àwòrán sátẹ́láìtì sọ tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún ibi tí odò Jamuna yóò ti jẹ bèbè, kí àwọn ará abúlé lè tú ilé wọn kí omi tó dé, iṣẹ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ṣùgbọ́n Jamuna fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Àwòrán ọ̀fẹ́ tí sátẹ́láìtì Sentinel-2 ń yà, mítà mẹ́wàá ni ojú rẹ̀ lè dá mọ̀; odò Kúdẹtì ní Ìbàdàn lè pòórá sínú irú ojú bẹ́ẹ̀, òrùlé páànù méjì á sì bò ó. Ọ̀pá tí a fi ọ̀dà sàmì sí lára afárá, agolo tí a fi ń wọn òjò ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, irin inú bèbè àti ẹni tí yóò máa kọ wọ́n sílẹ̀, ìwọ̀nyí ni a nílò jù, owó wọn kò sì tó ti kọnkéré ojúlé mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí odò lè ṣe é. Mo ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ka ọ̀pá náà láràárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí odò, ẹ kò nílò láti dúró de olùwádìí. Tí òjò ńlá bá ti dá, ẹ má ṣe lọ dúró létí bèbè láti wo bí omi ṣe ń fà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ máa wo ilẹ̀ bóyá ó sán ní ìbámu pẹ̀lú odò, ẹ wo bóyá igi tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ sí odò, ẹ sì darí omi òrùlé àti omi balùwẹ̀ kúrò lórí bèbè, nítorí omi tí a ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́ ń mú kí ó rẹ láti òkè nígbà tí odò ń mú kí ó rẹ láti ìsàlẹ̀. Ní Oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀ láti ara ilé dé etí bèbè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀; ní Oṣù Kọkànlá, ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ojú kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n náà láti igun ilé, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara fẹ́ǹsì, nítorí fẹ́ǹsì ló máa ń kọ́kọ́ sún kúrò ní ààyè rẹ̀.